Ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń béèrè nípa ECOWAS: bọ́dà, ọjà, owó àti ẹ̀tọ́ yín

Aṣọ ni mò ń tà. Ọ̀nà Èkó sí Lomé ni ọ̀nà mi, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń rìn ín. Kò sí ìrìn-àjò kan tí ẹnì kan kì í bi mí, nínú ọkọ̀ tàbí nídìí ọjà, pé kí ni ECOWAS yìí wà fún gan-an, ṣebí bọ́dà ṣì wà níbẹ̀, ṣebí wọ́n ṣì ń gbowó. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ẹ̀tọ́ tí wọ́n ti fún wa láti 1979, ọ̀pọ̀ wa ṣì ń fowó rà á lójú ọ̀nà, nítorí a kò mọ̀ pé tiwa ni.

Kí ni ECOWAS, àwọn wo ló sì dá a sílẹ̀?

Àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ń so ọrọ̀-ajé wọn pọ̀ ni. Èkó ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn rẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún, ọdún 1975. Orílẹ̀-èdè 15 ló fọwọ́ sí i. Cape Verde wọlé lẹ́yìn wọn, Mauritania sì jáde ní 2000. CEDEAO ni àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é, nítorí náà tí ẹ bá rí CEDEAO lára pátákó ní Kútọnu, òun náà ni.

Orúkọ Gowon ti Nàìjíríà àti Eyadéma ti Tógò làwọn èèyàn máa ń dá. Ó yẹ kí a fi ẹnì kẹta kún un: Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà fún ètò ọrọ̀-ajé lábẹ́ Gowon. Òun ló gbé iṣẹ́ náà lórí, tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín àwọn olórí títí wọ́n fi gbà. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Àwọn ìlú tí Faransé ti ṣàkóso ń bẹ̀rù pé Nàìjíríà tóbi jù, pé yóò gbé àwọn mì. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1973. Nígbà tí wọ́n wá fọwọ́ sí i tán, oṣù méjì péré ló pé tí àwọn ológun ẹgbẹ́ rẹ̀ fi gbàjọba lọ́wọ́ Gowon. Àjọ náà kò tìtorí ìyẹn kú.

Ṣé mo nílò físà láti lọ sí Kútọnu, Lomé tàbí Accra?

Rárá. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Dakar ní oṣù Karùn-ún 1979 sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè tó bá wà nínú ECOWAS lè wọ orílẹ̀-èdè yòókù láìgba físà, kó sì lo ọjọ́ 90. Ohun méjì ni wọ́n ní kí ẹ mú dání: ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, èyí tí gbogbo wa ń pè ní yẹ́lò káàdì.

Tí wọ́n bá wá ní kí n fi owó sínú páásípọ́ọ̀tù ńkọ́?

Kò sí ibì kankan nínú àdéhùn náà tí wọ́n ti sọ pé kí ẹ sanwó kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ibùdó àyẹ̀wò kan, ìyá kan wà níwájú mi lórí ìlà. Ẹja sísun ló gbé, inú apẹ̀rẹ̀ méjì, ó fi ọ̀rá bò ó, ó sì fi okùn dì í pinpin. Kí ó tó dé ojú fèrèsé, ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó mú owó séfà jáde, ó ká a ní ìlọ́po mẹ́rin, ó sì tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé páásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n. Mo bi í pé, "Ìyá, kí lowó yẹn wà fún?" Ó ní, "Ọmọ mi, owó òǹtẹ̀ ni. Láti ìgbà tí mo ti ń bọ̀ ni mo ti ń san án." Bí ó ṣe sọ ọ́, ẹ ó rò pé owó ọkọ̀ ni.

Nígbà tó kàn mí, ọkùnrin inú ilé náà tú ìwé mi wò, ó tún un tú, ó ní, "Ìyá aláṣọ, ìwé yín gbẹ o." Mo ní kò burú, iye kí ni kí n san, kí ó sì fún mi ní rìsíìtì. Ó wò mí títí. Ó ní kí n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nǹkan bí wákàtí kan ni mo fi dúró, dírẹ́bà ń fọn fèrè, àwọn èrò ń pariwo pé kí n má dá àwọn dúró. Níkẹyìn ó lu òǹtẹ̀ náà, kò sì gba kọ́bọ̀. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lójoojúmọ́, wákàtí kan kì í sì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ lè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè rìsíìtì. Owó tí ìjọba bá ní kí a san, ìwé máa ń wà fún un.

Tí ọjọ́ 90 bá pé ńkọ́?

Ẹ lọ gba ìwé ìgbélùú lọ́dọ̀ ìjọba ibi tí ẹ wà, tàbí kí ẹ padà sílé. Àdéhùn 1986 fún ọmọ ECOWAS ní ẹ̀tọ́ láti gbé níbẹ̀ kó sì ṣiṣẹ́, ti 1990 sì fún un ní ẹ̀tọ́ láti dá òwò sílẹ̀. Síbẹ̀ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀ lórí bí a ṣe ń gba ìwé náà àti irú òwò tí àjèjì lè ṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ fún àwọn èèyàn wa nìyí: wọn á wọlé bó ṣe yẹ, wọn á sì jókòó ọdún mẹ́wàá láìgba ìwé kankan. Lọ́jọ́ tí ìlú bá le, ẹsẹ̀ wọn kò sí lórí nǹkan kan.

Àwọn òbí wa máa ń sọ pé wọ́n lé wọn kúrò ní Gánà. Ṣé irú rẹ̀ tún lè ṣẹlẹ̀?

Wọ́n lé wọn lóòótọ́. Oṣù Kọkànlá 1969 ni ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó jáde. Àwọn Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tọ́rọ̀ náà bá. Àwọn tó ti ń tajà ní Kùmásí àti Tamale láti ìgbà ayé bàbá wọn, tí wọ́n bímọ síbẹ̀, tí wọ́n kọ́lé síbẹ̀, ni wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ọ̀ffà àti Ìnísà pẹ̀lú ohun tí wọ́n lè rù. Ìyá tó bí bàbá mi wà nínú wọn. Àpótí páànù kan àti ẹ̀rọ ìránṣọ ló gbé dé, ó sì pọn ọmọ kan sẹ́yìn. Títí tó fi kú, tí inú bá bí i, èdè Twi ló fi ń sọ ọ́.

Nígbà tó di oṣù Kìíní 1983, àwa náà ṣe é fún wọn. Ìjọba Ṣàgàrí ní kí àjèjì tí kò ní ìwé jáde ní Nàìjíríà, àwọn ará Gánà tó lé ní mílíọ̀nù kan sì di ẹrù wọn sínú báàgì onílà pupa àti búlúù yẹn, tí a fi sọ ọ́ ní Ghana Must Go. Àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì lọ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ojú tì wá lórí ìyẹn, nítorí àwa tí wọ́n ti lé rí la wá ń léni.

Ẹ fiyè sí ọdún rẹ̀ dáadáa. Àdéhùn ọjọ́ 90 ti wà nílẹ̀ ní 1983. Ohun tí ìjọba wa gùn lé ni pé ọjọ́ àwọn èèyàn náà ti kọjá, wọn kò sì ní ìwé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo ìwé. Ọmọ yín tó ń gbé ní Accra tàbí Abidjan lónìí, ẹ bi í léèrè.

Mo fẹ́ kó ọjà kọjá. Ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí owó ibodè láàárín wa?

Ó dá lórí ibi tí ọjà náà ti wá. Ohun tó jáde láti inú oko wa, bí iṣu, àgbàdo, gàárì, ewúrẹ́, àti ohun tí a fi ọwọ́ ṣe, kò yẹ kí wọ́n gba owó ibodè lórí rẹ̀, kò sì nílò ìwé ẹ̀rí orísun. Èyí tí ilé-iṣẹ́ ṣe ni ìwé ẹ̀rí wà fún, láti fi hàn pé ilẹ̀ ECOWAS ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n máa ń wò ó bóyá ohun èlò inú rẹ̀ ti ilẹ̀ wa wá, tàbí bóyá iṣẹ́ tí a ṣe sí i níbí fi ó kéré tán ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kún iye rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ ṣàlàyé, òun ni mo mọ̀ jù. Aṣọ òkè tí wọ́n hun ní Ìsẹ́yìn, ọmọ ilé ni. Ańkárá tí wọ́n tẹ̀ ní Tema ní Gánà, tó bá ní ìwé ẹ̀rí, ọmọ ilé ni òun náà. Ṣùgbọ́n ańkárá tó ti Hóláńdì tàbí Ṣáínà wá, ìbáà ti pé ogún ọdún lórí àtẹ ní ọjà ńlá Lomé, àjèjì ni. Tí ẹ bá rà á ní Lomé tí ẹ gbé e dé bọ́dà Nàìjíríà, owó ibodè wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjà tí mo ń rí ní bọ́dà, ibí ló ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹni tó ra ọjà rò pé nígbà tí òun ti rà á nínú ECOWAS, ọjà ECOWAS ni.

Láti 2015, iye owó ibodè lórí ọjà òkèèrè ti di ọ̀kan náà káàkiri ECOWAS nínú ìwé. Ìpele márùn-ún ni: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ìwé ni mo wí, nítorí Nàìjíríà tún ní àwọn ọjà tó fòfin dè fúnra rẹ̀. Ìrẹsì òkèèrè kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé láti 2016, ọkọ̀ tòkunbọ̀ náà láti 2017. Ibi tí fàyàwọ́ ti ń jẹun nìyẹn: ìrẹsì Thailand àti Íńdíà á sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Kútọnu, òru á sì mú un dé ọ̀dọ̀ wa.

Nígbà náà, kí ló dé tí Nàìjíríà fi ti bọ́dà pa ní 2019?

Nítorí fàyàwọ́ yẹn ni wọ́n sọ. Oṣù Kẹjọ 2019 ni wọ́n tì í, oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n kéde pé kí wọ́n ṣí mẹ́rin, Sèmè sì wà nínú wọn. Ó lé ní ọdún kan. Mo gbà pé ó yẹ kí a dáàbò bo àwọn àgbẹ̀ onírẹsì wa. Ohun tí n kò gbà ni kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó gbé tòmátì tirẹ̀ dání nítorí ẹni tó gbé ìrẹsì òkèèrè. Ilé-iṣẹ́ wa tó ń kó bisikíìtì àti ọṣẹ lọ sí Gánà náà há sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ìjọba tiwọn tì. Ó dùn mí ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí mo rántí pé oṣù mẹ́wàá péré ló ti kọjá tí wọ́n ṣí ilé àyẹ̀wò alájọní sí Sèmè-Kraké, ní oṣù Kẹwàá 2018, kí òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì lè máa yẹ èèyàn wò lábẹ́ òrùlé kan náà kí ìrìn lè yá.

Ṣé kóòtù ECOWAS wà fún irú èmi yìí?

Ó wà fún yín. Abuja ló wà. Ìtàn bó ṣe di tiwa dára láti mọ̀. Ní 2003 Nàìjíríà ti bọ́dà Bẹ̀nẹ̀ pa, oníṣòwò ọmọ Nàìjíríà kan tí àdéhùn ọjà rẹ̀ tìtorí ẹ̀ bàjẹ́ sì gbé ìjọba lọ sí kóòtù náà. Ní 2004 kóòtù sọ fún un pé òfin kò tíì gba ẹnì kọ̀ọ̀kan láyè láti pẹjọ́, orílẹ̀-èdè nìkan ló lè wá. Ó pàdánù, ṣùgbọ́n ariwo tí ẹjọ́ náà dá sílẹ̀ mú kí wọ́n yí òfin náà padà ní 2005. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí ìjọba bá tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn rẹ̀ mọ́lẹ̀ lè lọ tààrà, kò di dandan kó kọ́kọ́ parí ẹjọ́ nílé.

Ọ̀kan tó lọ ni Hadijatou Mani, ọmọ Niger. Wọ́n tà á bí ẹrú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjìlá. Ní oṣù Kẹwàá 2008 kóòtù ECOWAS dá Niger lẹ́bi pé kò dáàbò bò ó, ó sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù mẹ́wàá owó séfà fún un. Ní 2022, kóòtù yìí kan náà ló sọ pé bí ìjọba Nàìjíríà ṣe ti Twitter pa ní 2021 kò bófin mu. Àìlera rẹ̀ ni pé kò ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Tí ìjọba bá kọ etí ikún sí ìdájọ́, ó di ọ̀rọ̀ àrọwà.

Owó Eco tí wọ́n ń sọ, ìgbà wo la máa ná an?

2027 ni wọ́n ń dá báyìí. Ẹ má tíì ta náírà yín. Wọ́n ti dá 2003, 2005, 2009, 2015 àti 2020 rí.

Ìdí tó fi ń le rèé. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló ń ná séfà pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ UEMOA. Tí ECOWAS bá jẹ́ agboolé, UEMOA ni ìyàrá kan nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́ta nínú àwọn mẹ́jọ náà ti jáde kúrò ní ECOWAS báyìí. Séfà wọn so mọ́ owó Yúróò ní iye kan tí kì í yẹ̀: 655.957 fún Yúróò kan. Náírà àti sídì Gánà ń lọ sókè sódò bí ọjà bá ṣe rí. Kí ẹ tó da owó wọ̀nyí pọ̀, gbogbo ìlú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jọra díẹ̀: kí iye tí ìjọba ń ná ju owó tó ń wọlé fún un lọ́dún má kọjá ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún iye ọrọ̀-ajé, kí owó ọjà má máa fò sókè, kí ìjọba má máa tẹ owó ná. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ Nàìjíríà tún wà. Àwa nìkan lé ní ìdajì èèyàn inú ECOWAS. Tí báǹkì àpapọ̀ kan bá wà, ta ni yóò máa pàṣẹ níbẹ̀? Ní oṣù Kejìlá 2019, Ouattara ti Côte d'Ivoire àti Macron ti Faransé kéde ní Abidjan pé séfà yóò yí orúkọ padà sí Eco. Inú àwọn tó kù kò dùn, ó dà bí ẹni pé wọ́n gba orúkọ tí gbogbo ẹbí jọ fẹ́ sọ ọmọ, wọ́n fi sọ tiwọn.

Ní tèmi, ẹni tó ń ṣẹ́ owó lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé Accra mọ ohun tí owó kan náà ìbá ṣe fún òun. Mò ń retí rẹ̀.

Kí ló mú Mali, Burkina Faso àti Niger jáde?

Àwọn ológun gbàjọba ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti Niger ní oṣù Keje 2023 ló dá wàhálà tó le jù sílẹ̀. ECOWAS, tí Tinubu jẹ́ alága rẹ̀ nígbà náà, ti bọ́dà, ó gbẹ́sẹ̀ lé owó wọn, ó sì halẹ̀ pé òun yóò fi agbára dá ààrẹ padà. Nàìjíríà gé iná mànàmáná tó ń fún wọn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta para pọ̀ dá ẹgbẹ́ AES, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Sahel, sílẹ̀, wọ́n kéde ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní 2024 pé àwọn ti jáde, ó sì di òótọ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2025. ECOWAS wá ku orílẹ̀-èdè 12.

Ìbọn kọ́ ni ọ̀nà láti gbàjọba, n kò gbè sẹ́yìn ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyà tí wọ́n fi jẹ Niger, orí àwọn oníṣòwò ló bọ́ sí. Ọkọ̀ ẹrù tò sí Malanville, lẹ́bàá odò tó pín Bẹ̀nẹ̀ àti Niger, ní ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀. Àwọn tó gbàjọba kò sùn lébi. Tí ECOWAS bá tún fẹ́ báni wí, kí ó wá pàṣán mìíràn.

Ìwé ìrìnnà wọn tó ní àmì ECOWAS ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa títí wọn yóò fi parí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Wọ́n sì ṣì wà nínú UEMOA, séfà kan náà ni wọ́n ń ná.

Owó ta ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà àjọ náà?

Owó yín. Lórí ọjà tó bá ti ìta ECOWAS wọlé, wọ́n máa ń yọ ìdajì náírà nínú ọgọ́rùn-ún náírà iye rẹ̀ fún àjọ náà. Ìrẹsì, fóònù, ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí ẹ ń rà, ó wà nínú wọn.

Kí ló kan Yorùbá gan-an nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà kan gba àárín wa. Kétu àti ààfin Alákétu bọ́ sí Bẹ̀nẹ̀, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ara ilẹ̀ Kétu bọ́ sí ìpínlẹ̀ Ògùn. Ṣábẹ̀ẹ́, Ìpóbẹ́ àti Ìtakété wà lọ́hùn-ún, Ìdí-Ìrókò wà níbí. Àwọn Ifẹ̀ Àná wà ní Atakpamé ní Tógò. Àwọn èèyàn ń gbé ìyàwó kọjá ìlà náà, wọ́n ń sin òkú kọjá rẹ̀. Ní Èjìgbò, ọkọ̀ wà tó ń gba ibẹ̀ lọ sí Abidjan tààrà, ẹ ó sì gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́hùn-ún tí wọ́n wá kí ìyá àgbà wọn. Ìṣọ̀kan tí àwọn olórí fọwọ́ sí ní 1975, àwọn wọ̀nyí ti ń gbé inú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju kí ọ̀nà là.

Mo fẹ́ gba ọ̀nà yìí fún ìgbà àkọ́kọ́. Kí ni kí n mọ̀?

Láti Èkó dé Accra, bọ́dà mẹ́ta lẹ ó kọjá: Sèmè-Kraké (Nàìjíríà sí Bẹ̀nẹ̀), Hilla-Condji (Bẹ̀nẹ̀ sí Tógò) àti Aflao (Tógò sí Gánà). Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òǹtẹ̀ méjì ni, ọ̀kan fún jíjáde, ọ̀kan fún wíwọlé. Má ṣe jẹ́ kí dírẹ́bà tàbí ọmọ bọ́dà gba ìwé yín lọ lù fún yín. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ lọ fúnra yín. Tí ọkọ̀ tiyín lẹ fẹ́ wà, ẹ gba Brown Card, ìwé ìdójútòfò ECOWAS tó ti wà láti 1982, kí ọ̀rọ̀ má baà di ẹjọ́ tí ọkọ̀ bá gbá ọkọ̀ ní ìlú onílùú. Ẹ kó rìsíìtì ọjà yín sínú ọ̀rá kan, kí ẹ fi há abẹ́ apá. Tí wọ́n bá sì lu òǹtẹ̀ fún yín, ẹ má kúrò lójú fèrèsé náà kí ẹ tó wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni 90 ti ń ka.